Píìnì Inú Ọ̀fun Bàbá

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó ìdí ẹ̀rọ. Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Èmi náà wà, mo ń ṣiṣẹ́, òtútù ń ṣe tirẹ̀, àmọ́ aṣọ wà lọ́rùn mi.

Torí pé fóònù ti sú mi ni mo ṣe kọ lẹ́tà. Mo pè, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo tún pè, Màmá gbé e, wọ́n ní ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo pè lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n tún ní ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá, ta ló ń ránṣọ lọ́jọ́ ìsinmi nílé wa? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ sùn?

Mo mọ ohun tó fà á. Lọ́jọ́ tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, mo ní ilé iṣẹ́ mi lókè òkun níbí ti fún mi ní ọdún mẹ́ta sí i, mo sì ti fọwọ́ sí i. Ẹ dákẹ́. Mo gbọ́ tí ẹ gbé ife, ẹ wá húkọ́ gìdìgìdì, fóònù sì kú. Ikọ́ yẹn ò kúrò létí mi láti ìgbà náà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n wá gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń bínú, ẹ bú mi, kí n mọ̀ pé ẹ bú mi. Ó sàn ju kí ẹ dákẹ́ lọ.

Ṣé ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ dé? Píìnì olórí aláwọ̀ wà níbẹ̀, èyí tí ojú á tètè rí, àti kílíìpù kéékèèké tí àwa fi ń di aṣọ mú. Níbi tí a ti ń rán ìbòrí àga ọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú píìnì wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lo kílíìpù yẹn, kí ẹ yé fi ẹnu ṣe tìmùtìmù píìnì.

Ọmọ yín,
Àlùmọ́gàjí


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Àlùmọ́gàjí mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á, ìyá rẹ náà kà á, ó ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Mi ò ṣì ẹ́ sọ lórúkọ: ẹnu rẹ ṣì mú ju àlùmọ́gàjí tó wà lórí tábìlì mi lọ.

Ta ló ń bínú? Kí n máa bínú torí pé ọmọ mi níṣẹ́ lọ́wọ́? Fóònù ni mi ò fẹ́ràn mọ́, etí mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Lẹ́tà dára. Èèyàn á jókòó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀, á gé e bó ṣe yẹ kó tó rán an. Ká fi ìyẹn sílẹ̀ báyìí.

Ẹrù dé. O ṣeun, ọmọ tìẹ náà á ṣe é fún ẹ. Àmọ́ àwọn píìnì rẹ ò dáa. Orí wọn wúwo jù. Bí mo bá fi wọ́n sẹ́nu, wọ́n á máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹnu mi ń lé wọn. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń fi ẹnu mú píìnì, ẹyọ kan ò já bọ́ rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan já sínú bàtà oníbàárà kan. Ọkùnrin náà fò sókè, ó fi ẹsẹ̀ kan jáde, kò tíì wá gba ṣòkòtò rẹ̀ títí di òní. Kílíìpù ní tirẹ̀, mo rò pé ohun tí wọ́n fi ń ká irun ọmọdé ni. Ìyá rẹ ti fi di ọ̀rá iyọ̀.

Èyí tó kù ò tó nǹkan. Omi máa ń pá mi lórí bí mo bá ń mu ún. Ìyá rẹ ní ata ni, ó ti dín ata kù. Lẹ́yìn náà ó ní oúnjẹ ló le jù, ó wá ń bomi la ọbẹ̀ títí tí mo fi ń rí ojú ara mi nínú abọ́.

Bá mi wá òwú dúdú tó nípọn, èyí tí kò ní máa já lójú abẹ́rẹ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ bá mi kí Màmá.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì dìde lórí àga. Bàbá! Píìnì ń já bọ́ lẹ́nu yín, omi sì ń pá yín lórí. Ṣé ẹ ò rí i ni? Kì í ṣe gbogbo wọn ló já sílẹ̀. Ọ̀kan já sínú. Ẹ ti gbé píìnì mì!

Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́. Mo máa ń jókòó sábẹ́ tábìlì yín, ẹ á máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan bá oníbàárà dúnàádúrà, píìnì á máa jó ní ẹ̀gbẹ́ kejì, èmi ò sì ní lè mí. Ẹ máa ń ní kí n fara balẹ̀, pé ẹnu télọ̀ kì í gbé irin mì. Ó ti gbé e mì báyìí, èmi tí mò ń bẹ̀rù rẹ̀ ni mo tún fi ọwọ́ ara mi rà á.

Ẹ lọ sí ọsibítù kí wọ́n ya àwòrán ọ̀fun yín. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ parí aṣọ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Àlùmọ́gàjí mi,

O kú àníyàn mi. Mo lọ. Ìyá rẹ wọṣọ tuntun tẹ̀lé mi, bí ẹni pé òun ni wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Wọ́n ní kí n bọ́ ẹ̀wù, kí n dúró gbọn-in níwájú ẹ̀rọ, kí n má mí. Dókítà gbé àwòrán náà sójú iná, ó ní kò sí píìnì kankan. Mo ní kó tún wò ó. Ó tún wò ó, ó ní ọ̀fun mi mọ́ ju tòun lọ. Mo ní kí ló wá ń pá mi lórí? Ó ní ọjọ́ orí ni, kí n máa jẹun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ orí! Ṣé àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà ni?

Ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ mi lójú. Kí lẹ́tà rẹ tó dé, ikọ́ lásán ni mò ń hú. Ìgbà tí mo kà á tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí mọ píìnì náà lára. Ó wà lápá òsì, ó sì ṣe ṣóńṣó. Àwòrán ní kò sí, ìwọ ní ó wà, ọ̀fun mi ní nǹkan wà. Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni kí n gbà gbọ́? Ohun kan tún wà tí kò yé mi. Búrẹ́dì ń lọ. Ẹyin sísè ń lọ, bí mo bá rọra jẹ ẹ́. Omi ni kò lọ. Irú píìnì wo ló ń yẹra fún búrẹ́dì, tó wá ń bá omi jà?

Mo ti dá ọgbọ́n sí i ṣá. Mo máa ń gbé orí sókè pátápátá, n ó ya ẹnu, n ó da omi sí i lẹ́ẹ̀kan náà kó lè gbé píìnì náà lọ. Ṣebí omi ló ń gbé pàǹtírí lọ nínú gọ́tà? Ó ń mú mi húkọ́ gan-an, àmọ́ ikọ́ náà á ràn án lọ́wọ́. Má sọ fún ìyá rẹ.

Òwú dúdú tí mo bẹ̀ ẹ́ ńkọ́? O sọ̀rọ̀ píìnì títí, o gbàgbé òwú.

Bàbá rẹ


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ara líle. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ: àwòrán lè fo nǹkan. Irin wẹ́wẹ́ ni píìnì, ó lè fara pamọ́ sẹ́yìn egungun. Ẹ lọ sí ọsibítù mìíràn. Mo bi obìnrin tó jókòó tì mí lẹ́nu iṣẹ́, ó ní búrẹ́dì ni kí ẹ fi máa tì í. Mo bi ẹlòmíràn, ó ní ẹ ò gbọdọ̀ jẹun rárá. Ti omi tí ẹ ń dà yẹn, mi ò mọ̀ bóyá ó dáa. Ẹ máa ṣe é pẹ̀lẹ́. Orí mi ò pé mọ́, lánàá mo rán ẹ̀yìn ìbòrí àga mọ́ iwájú, ọ̀gá wa sì ní kí n tú gbogbo rẹ̀.

Bàbá, mo pè lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá. Ẹnì kan gbé fóònù. Mo gbọ́ tó ń mí. Mo ní, “Bàbá?” Kò fèsì. Mo tún ní, “Bàbá, ẹ̀yin nìyẹn?” Ó pa á. Ṣé ẹ̀yin ni? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí ni mo ṣe tó burú tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ ò fi lè sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan?

Òwú dúdú wà lọ́nà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín. Lẹ́tà ò dé. Fóònù Màmá ń dún, wọn ò gbé e. Mi ò mọ̀ bóyá píìnì ni, mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni. Tó bá jẹ́ ìbínú, mo ti dọ̀bálẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Ẹ kàn kọ “mo wà” sínú ìwé, kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló ń kọ èyí. Má fò. Bàbá rẹ wà láàyè.

Ọsibítù la wà, a ti pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Fóònù mi wà nílé, mi ò sì lókun àtilọ mú un. Ara bàbá rẹ gbóná, àyà rẹ̀ ń hó, kò mọ ibi tó wà. Dókítà ní òtútù àyà ni, pé omi àti itọ́ ló ń yà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ìgbà yẹn ni mo sọ ohun tí ojú mi rí fún wọn. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé orí sókè bí adìẹ tó ń mumi, ó ń da omi sọ́fun. Mo ní kí lò ń ṣe? Ó ní òun ń fọ píìnì tí ọmọ òun sọ pé ó wà níbẹ̀.

Mi ò fi í dá ẹ lẹ́bi o. Èmi náà ní tèmi. Ọbẹ̀ tí mò ń bomi là kó lè tètè lọ, wọ́n ní òun gan-an ló ń ṣe é. Wọ́n ní nǹkan tó bá ti ń ṣàn máa ń yára ju ọ̀fun rẹ̀ lọ. Ṣé o gbọ́ irú ẹ̀ rí? Mo tọ́ ọmọ, mo tọ́jú ìyá ọkọ mi títí wọ́n fi lọ, mo rò pé mo mọ oúnjẹ aláìsàn. Báyìí, bí mo bá mú ṣíbí dání, n ó tún gbé e sílẹ̀. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ oúnjẹ, mi ò mọ èyí tó jẹ́ májèlé.

Ọ̀rọ̀ fóònù, kò bínú sí ẹ. Ohùn rẹ̀ ló yí padà. Bó bá ń sọ̀rọ̀, àfi bíi pé omi wà lọ́fun rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á sì máa lọ́. Ó ní kí n má sọ fún ẹ, pé bí o bá gbọ́ ohùn yẹn wàá já iṣẹ́ sílẹ̀. Òun ló gbé fóònù lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ẹ ni. Nígbà tí mo wọlé, fóònù wà lórí itan rẹ̀, ó ń sunkún. Òun ló máa ń pa á lówe fún wa pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wò ó báyìí.

Wọ́n ní obìnrin kan ń bọ̀ lọ́la tí yóò kọ́ bàbá rẹ bí a ṣe ń gbé nǹkan mì. Èyí ò yé mi. Má wá o. Tàbí kó o wá. Mi ò mọ èyí tó yẹ kí n sọ.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ máa ka èyí fúnra yín, tàbí Màmá á kà á fún yín. Mo ka lẹ́tà wọn nínú yàrá mi. Ẹ̀yin ń mumi, èmi ń wá píìnì. Ẹ dákẹ́ nítorí tèmi, mo ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí ìjà.

Mo lọ sílé oògùn. Wọ́n ní ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ omi kó lè ki, kó má baà sáré. Mo fi agolo kan ránṣẹ́. Ẹ má fi ẹnu kàn án títí obìnrin tó ń bọ̀ yẹn á fi rí i. Mi ò fẹ́ tún fi ìmọ̀ràn mi pa yín.

Mo ti kọ ìwé pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó wà nínú àpò mi, mi ò tíì fún wọn. Bí mo bá dúró, owó oògùn á máa wá, àmọ́ mi ò ní sí níbẹ̀. Bí mo bá wá, màá wà níbẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Kí ni kí n ṣe? Ẹ dá mi lóhùn, Bàbá, bó ṣe ìlà kan péré.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Àlùmọ́gàjí mi,

Èmi fúnra mi ni mo mú bírò. Bí o bá rí i tí ìlà ń wọ́, ọwọ́ òsì ni mo fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀, kò sì tíì lágbára. Mo ti délé. Mo kí ẹ, o kú ẹkún, o kú àìsùn.

Ya ìwé yẹn. Èmi ni mo ní kó o ya á. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe ayérayé.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó o lè bá mi rò ó. Obìnrin tí wọ́n ní ó ń bọ̀ dé, ó kéré sí ẹ. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n á ṣe máa gbé nǹkan mì. Mo wo ìyá rẹ, ìyá rẹ wò mí. Ọmọ ọwọ́ kì í lọ sílé ìwé kó tó mu ọmú, àbí? Mo sọ ọ́ ní Tíṣà Ọ̀fun, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti píìnì, mo ń retí kó rẹ́rìn-ín. Kò rín. Ó ní, “Bàbá, apá ibo lẹ́nu yín ni wọ́n ń gbà já bọ́?” Mo ní apá òsì. Ó ní, “Ṣé gbogbo wọn?” Mo ronú sí i. Gbogbo wọn ni lóòótọ́. Ó ní kí n pa ẹnu dé, kí n fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni fẹ́ fọn fèrè. Afẹ́fẹ́ gba apá òsì jáde, fùú. Ó ní, “Píìnì kì í mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún, Bàbá. Ètè yín ni kò pa mọ́.”

Mo wá sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹrù rẹ tó dé, mò ń rán ẹ̀wù. Ọwọ́ òsì mi ò tẹ̀lé aṣọ mọ́, itọ́ kán sórí kọ́là, mo sì rán apá ẹ̀wù kan sódì. Kò pẹ́, ọwọ́ náà padà sípò. Mo tú apá ẹ̀wù náà, mo tún un rán, mo nu kọ́là, mo sì gbà pé mo ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ kékeré ni. Ó kọjá lọ, àmọ́ ó ti ba ètè àti ọ̀fun mi jẹ́. Mo máa ń pa á lówe fún àwọn olófòófó pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi rèé.

Wọ́n gbé mi jókòó síwájú ẹ̀rọ kan tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe ń lọ lọ́fun. Mo gbé omi mì, mo sì fojú ara mi rí i: ó sáré kọjá kí ilẹ̀kùn ọ̀fun tó tì, díẹ̀ yà sí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Mo sì ti ń gbé orí sókè tẹ́lẹ̀! Tíṣà ní ṣe ni mo kúkú ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní kí n jókòó gbọn-in, kí n tẹ orí ba, kí àgbọ̀n sún mọ́ àyà, kí n mu díẹ̀, kí n gbé e mì tán kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ṣe é. Omi náà gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ó ní ti ẹlòmíràn lè má rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ tèmi nìyẹn. Kí n tẹ orí ba? Gbogbo ayé mi ni mo fi tẹ orí ba lórí ẹ̀rọ, ìyá rẹ ló máa ń pariwo pé kí n gbórí sókè kí n tó mumi.

Ìyẹ̀fun rẹ dé, Tíṣà sì gbà á. Ó ní ká máa pò ó mọ́ tíì àti omi ọbẹ̀ ná, títí wọn á fi tún ọ̀fun mi wò. Mo ní ṣé sítáàṣì ni ọmọ mi fẹ́ kí n máa mu, kí n lè dúró bíi kọ́là ni? Kò dùn, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Mo ń ṣàárò omi tútù tó ń sáré. Mo ń mu èyí náà ṣá, torí mo fẹ́ rí ẹ.

Èyí tó pa ìyá rẹ lẹ́rìn-ín jù ni ti bọ́tìnì. Tíṣà so bọ́tìnì ẹ̀wù ńlá mọ́ òwú, ó ní kí n fi sẹ́yìn ètè, kí ìyá rẹ máa fà á, kí èmi má jẹ́ kó jáde. Òwú dúdú rẹ la lò, ó nípọn, kò já. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ ń fà mí bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, bọ́tìnì ń fò jáde ni. Lánàá, ó fà á, mo dì í mú, ó fà á títí ó fi sú u, ó wá bú sẹ́kún. Mo rò pé ọwọ́ ló ń dùn ún.

Ohun tí kò yé mi ṣì pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní gbígbé omi mì rí, báwo ni mo ṣe wá gbàgbé rẹ̀? Àti píìnì náà, mo mọ̀ pé kò sí, mo fojú rí i pé kò sí, síbẹ̀ nígbà mìíràn mo ṣì ń mọ̀ ọ́n lára. Má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú. Mo ti gba kílíìpù rẹ kúrò lára ọ̀rá iyọ̀. Wọ́n dáa. Fi sí i ránṣẹ́.

Pè mí lọ́jọ́ ìsinmi, nírọ̀lẹ́, tí mo bá ti jẹun tán. Ohùn mi ò rí bó ṣe wà, Tíṣà ní ó lè má padà tán. Òun náà ni màá fi bá ẹ sọ̀rọ̀, mi ò ní òmíràn. Bí mo bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, má rò pé inú ló ń bí mi, má sì pa fóònù. Itọ́ ni mò ń gbé mì. Dúró dè mí.

Bàbá rẹ